Kí wọ́n tó so Ken Saro-Wiwa kọ́, ó ti fi Basi pa wá lẹ́rìn-ín

Bí ẹ bá ń wá eré tẹlifíṣàn tí ẹ máa wò lópin ọ̀sẹ̀ yìí, tí ti Kòríà àti ti Amẹ́ríkà sì ti sú yín, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ wá kiri. Basi and Company lorúkọ rẹ̀. NTA ló ń gbé e jáde láti ọdún 1985 títí di 1990. Ẹ bi àwọn òbí yín. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, tí tẹlifíṣàn wà nílé wọn tàbí nílé aládùúgbò wọn nígbà náà, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kó tó dá yín lóhùn.

Ọkùnrin tó kọ eré yẹn, tó sì fi owó ara rẹ̀ ṣe é, ni Ken Saro-Wiwa. Òun náà ni ìjọba ológun Sani Abacha so kọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Port Harcourt lọ́jọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ibi ikú yẹn nìkan la ti mọ̀ ọ́n. A mọ ajàfẹ́tọ̀ọ́, a mọ Shell, a mọ okùn. Apanilẹ́rìn-ín tó wà nínú rẹ̀ la ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ò bá mọ Basi, ìdajì ìtàn ọkùnrin yìí ló mọ̀.

Ọmọ Bori tó wá kàwé n'Ìbàdàn

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1941 ni wọ́n bí i ní Bori, nílẹ̀ Ogoni, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Rivers báyìí. Ẹ̀yà kékeré ni àwọn Ogoni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn wá di ariwo káyé, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ni wọ́n ń kà wọ́n sí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹja pípa ni wọ́n ń ṣe jẹun. Ken ò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n rí epo rọ̀bì nílẹ̀ wọn lọ́dún 1958. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà débẹ̀.

Government College, Umuahia, ló ti ka ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, ilé ìwé kan náà tí Chinua Achebe ti jáde. Lọ́dún 1962, ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbàdàn ìgbà yẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ eré ṣeré. Ibẹ̀ ni WNTV, tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Nínú ọgbà yunifásítì náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe eré orí ìtàgé, Ken sì wà lára wọn.

Ọmọ kúkurú ni, ó máa ń mu páìpù, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó kọ eré kékeré kan tó pè ní The Transistor Radio, nípa àwọn ọkùnrin méjì tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ l'Ékòó, tí wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi rówó láìlàágùn. Nígbà tó yá, eré yẹn wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje eré orí rédíò tí BBC ṣe fún ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ àwọn ọkùnrin méjèèjì ni Basi àti Alali. Wọ́n ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kí NTA tó mọ̀ wọ́n.

Ogun, ipò, àti ṣọ́ọ̀bù

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, ilẹ̀ Ogoni wà lábẹ́ Biafra. Ken ò gbà fún Biafra. Ó sá bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó ìlú Bonny, èbúté tí wọ́n ti ń kó epo lọ sókè òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Igbo ò dárí èyí jì í títí tó fi kú. Lójú tirẹ̀, ohun tó rí ni pé ẹ̀yà kékeré ló máa ń run bí àwọn ẹ̀yà ńlá bá ń jà, kò sì fẹ́ kí àwọn èèyàn òun bọ́ sábẹ́ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kọmíṣánnà ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1973 tí wọ́n yọ ọ́ nípò, torí kò yé sọ̀rọ̀ pé ó yẹ kí àwọn Ogoni máa darí ara wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú ti máa ń padà sẹ́yìn láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún ipò mìíràn, ibẹ̀ ni Ken ti ya lọ sídìí òwò. Ó ta oúnjẹ, ó ra ilé, ó sì lówó. Owó yẹn ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Òun ló fi dá ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀, Saros International. Òun ló fi tẹ ìwé Sozaboy lọ́dún 1985, ìtàn ọmọdékùnrin kan tó wọṣẹ́ ológun láìmọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́ yánkanyànkan ló fi kọ ọ́, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ló fi ṣe Basi lọ́dún kan náà. Kò dúró de ìjọba, kò dúró de àwọn tí wọ́n ń fowó sí eré.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Adetola Street?

Eré náà ò le láti ṣàlàyé. Basi, tí wọ́n tún ń pè ní Mr. B, ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo ní Adetola Street l'Ékòó. Kò níṣẹ́, kò sì wáṣẹ́. Mílíọ̀nù ló ń wá. Ó dá a lójú pé bí èèyàn bá ti ń ronú bí olówó, owó á wá fúnra rẹ̀. Alali, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń bá a gbé, ebi sì ń pa á ní gbogbo ìgbà. Madam ló nilé. Owó wà lọ́wọ́ tirẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olówó kan tí wọ́n fi owó dọ́là Amẹ́ríkà sọrí, ṣùgbọ́n owó ilé tí Basi jẹ ẹ́ ò jẹ́ kó sùn. Josco ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Dandy ní ilé ọtí. Segi lẹwà, ó sì mọ̀ pé òun lẹwà.

Albert Egbe ló kọ́kọ́ ṣe Basi, lẹ́yìn náà ni Zulu Adigwe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Basi máa ń jí pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun. Á parọ́ fún Madam. Madam á rò pé èrè ńlá ń bọ̀, á sì kówó sílẹ̀. Josco á gbọ́ fìn-ín-fìn-ín, á wá ṣe gbájúẹ̀ tirẹ̀ lórí ti Basi. Dandy náà á fẹ́ ìpín. Bí eré bá fi máa parí, owó náà á ti pòórá, kálukú á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, owó ilé ò sì tíì san. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé ẹ ti mọ ibi tó máa já sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe bí àlọ́ Ìjàpá ṣe rí náà nìyẹn? Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ Ìjàpá máa padà dà lé e lórí. Síbẹ̀ a jókòó, a gbọ́ ọ dópin. Ken náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn Ogoni ní Ìjàpá tiwọn, Kuru lorúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ ni Ken sì ti yọ Basi. Nígbà tó sọ eré náà di ìwé lọ́dún 1987, àlọ́ ìgbàlódé ilẹ̀ Áfíríkà ló pè é lára èèpo ìwé. Lọ́dún 1991, ó kó àlọ́ àwọn Ogoni fúnra wọn jọ sínú ìwé kan tó pè ní The Singing Anthill. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé Ìjàpá tirẹ̀ wọ ẹ̀wù, ó sì ń gbé l'Ékòó.

Lọ́dún 1987 kan náà, ìwé ìròyìn New York Times kọ ìròyìn lórí eré yìí, wọ́n ní nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà ló ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe skit tí inú yín ń dùn bí mílíọ̀nù kan bá wò ó, ẹ ro ìyẹn wò. Kò sí fóònù, kò sí data, iná NEPA náà sì ń ṣe bó ṣe ń ṣe.

Owó tí ẹnì kankan ò ṣiṣẹ́ fún

Ohun tó mú kí n fẹ́ kí ẹ wo eré yìí rèé. Ẹ wo àwọn ará Adetola Street dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń gbin nǹkan kan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rán, tó ń kan, tó ń kọ́. Gbogbo wọn ló ń sáré tẹ̀ lé owó tó ti wà níbì kan, tí wọ́n kàn fẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá.

Nàìjíríà gan-an nìyẹn. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, owó epo wọlé bí omi òjò. Ìjọba ò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó tó rówó ná, ẹni tó bá sì mọ ẹni tó wà nípò á rí kọntíráàtì gbà, bóyá ó ṣiṣẹ́ náà, bóyá kò ṣe é. Nígbà tí owó epo wá já lulẹ̀, tí ìjọba Babangida mú SAP wá lọ́dún 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, gbogbo èèyàn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú bí olówó, ṣùgbọ́n owó ò sí mọ́. Basi jẹ́ ọmọ ìgbà yẹn. Epo rọ̀bì ló bí i.

Níbo sì ni epo náà ti ń wá? Apá kan rẹ̀ ń wá láti ilẹ̀ Ogoni, láti ọdún 1958 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Níbẹ̀, iná gáàsì ń jó tọ̀sán-tòru. Epo ń dà sínú odò àti sínú oko. Ẹja ń kú, iṣu ò ta. Owó náà ń gba orí wọn kọjá lọ sí Èkó, lẹ́yìn náà ó ń lọ sí Àbújá, wọn ò sì rí iná mànàmáná gidi tàn.

Èyí ló mú kí n sọ pé ẹni tí ò mọ Basi, ìdajì ló mọ̀. Àwọn kan rò pé Ken pa eré tì láti lọ jà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni. Nínú eré, ó fi ẹni tí owó òfẹ́ ń yí lórí hàn wá. Nínú ìjà, ó fi ibi tí wọ́n ti ń wa owó òfẹ́ náà jáde hàn wá, ó sì fi hàn pé kì í ṣe òfẹ́. Ẹnì kan ń san án.

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́ ni The New Masquerade fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ken kọ̀, ó ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ni Basi máa sọ, torí ó mọ̀ pé ọmọdé ń wò ó. Ọkùnrin tó fi Gẹ̀ẹ́sì fífọ́ kọ Sozaboy náà ló ṣe èyí. Ó mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ.

Láti Adetola Street dé orí igi

Ìjọba náà rí ohun tó ń ṣe. Lọ́dún 1987, Babangida fún un nípò ní MAMSER, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti la àwọn aráàlú lọ́yẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀. Ó tún ń kọ àpilẹ̀kọ sínú Sunday Times, níbi tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ Ogoni ní gbangba.

Lọ́dún 1990, Basi parí. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn olórí Ogoni fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ wọn, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ darí ara wọn, wọ́n fẹ́ ìpín tó tọ́ nínú owó epo, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n tún ilẹ̀ wọn ṣe. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1993, nǹkan bí 300,000 èèyàn jáde láti wọ́de. Ẹ rántí pé bí ìdajì mílíọ̀nù ni gbogbo wọn. Wọn ò gbé ìbọn. Lọ́dún yẹn náà ni Shell kó kúrò nílẹ̀ wọn.

Apá kan wà níbi yìí tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ìbò 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993 dé, Ken ní kí àwọn Ogoni má dìbò. Àwọn àgbà kan nínú MOSOP ò fara mọ́ ọn, wọ́n sì fi ipò wọn sílẹ̀. Ìbò tí àwa ń sunkún lé lórí pé wọ́n gbà lọ́wọ́ MKO Abíọ́lá, òun kà á sí ìbò tí kò lè tún nǹkan kan ṣe fún ẹ̀yà kékeré. Ẹ lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Àwọn èèyàn rẹ̀ náà bá a jiyàn, ìjà sì wọ inú ilé.

Lọ́jọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1994, àwọn jàǹdùkú pa olórí Ogoni mẹ́rin tí wọn kì í bá Ken fẹnu kò. Ken ò sí níbẹ̀. Àwọn ológun ti dá a padà lọ́nà lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ wọ́n mú un, wọ́n ní òun ló rán wọn. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àkànṣe tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló gbọ́ ẹjọ́ náà, kì í ṣe ilé ẹjọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Gani Fáwẹ̀hìnmí wà lára àwọn agbẹjọ́rò tó gbèjà wọn, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Àwọn ẹlẹ́rìí kan jáde wá jẹ́wọ́ pé wọ́n fún àwọn lówó kí àwọn lè parọ́ mọ́ ọn.

Ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1995, wọ́n dájọ́ ikú fún òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Kò sí àyè ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kọkànlá, wọ́n so gbogbo wọn kọ́. Ẹni ọdún 54 ni Ken. Lọ́jọ́ kejì, àjọ Commonwealth, tí wọ́n ń ṣèpàdé ní Auckland lórílẹ̀-èdè New Zealand, lé Nàìjíríà sẹ́yìn ná. Ọdún 1999 la tó padà wọlé.

Lọ́dún 2009, Shell san mílíọ̀nù 15.5 dọ́là fún àwọn ẹbí àwọn tó kú kí ẹjọ́ tí wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà má bàa lọ síwájú. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ò jẹ̀bi. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ìdáríjì fún àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó sì fún Ken ní oyè CON. Ọjọ́ tí wọ́n yàn ní láti wo lẹ́ẹ̀mejì, torí ọjọ́ ìbò tó ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ má dì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì bínú sí ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ là ń dárí jì. Ohun tí wọ́n ń retí ni kí ìjọba sọ pé wọn ò ṣẹ̀ rárá.

Báwo lẹ ṣe máa rí i?

Iṣẹ́ ò tíì tán o. Basi kì í ṣe eré tí ẹ kàn máa fi ọwọ́ tẹ̀ tí á jáde. Àwọn tẹlifíṣàn wa ò fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú eré àtijọ́, ìtìjú ńlá sì ni. Bí ẹ bá rí apá kan rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wá ìwé. Basi and Company, èyí tó jáde lọ́dún 1987, sọ àwọn ìtàn náà bí àlọ́. Four Television Plays, tó jáde lọ́dún 1988, ní àwọn eré náà bí wọ́n ṣe kọ wọ́n fún tẹlifíṣàn gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ eré, ìwé kejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín Basi nìkan. Ẹ wo Madam náà. Olówó ni, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Basi ń rí i tàn jẹ, torí ojúkòkòrò tirẹ̀ ju ti Basi lọ. Oníjìbìtì ò lè jẹun níbi tí kò bá ti sí ẹni tó fẹ́ èrè ọ̀fẹ́. Ẹni tó ti kówó sí àwọn ètò tó ní òun máa sọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá di ogún láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ken Saro-Wiwa ti kú. Wọn ò tíì fọ ilẹ̀ Ogoni tán. Basi ní tirẹ̀ ò kú rárá. Ó ti kó kúrò ní Adetola Street, ó ti ra láńtọ̀ọ̀bù, ó sì ń gbé nínú fóònù gbogbo wa.